Iṣẹ́ Alárinà Di Tiyín: Ìtọ́sọ́nà Lílo Áàpù Ìfẹ́

Ìbéèrè kan náà ni àwọn òǹkàwé ń bi wá lọ́tùn-ún lósì: "Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà tí mo ti wà lórí Tinder. Mo ń rí match (ẹni tí èmi àti òun jọ yan ara wa), à ń sọ̀rọ̀, síbẹ̀ kò sí èyí tó já mọ́ nǹkan kan. Ṣé èmi ni mo ní ìṣòro ni?"

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ò ní ìṣòro kankan. Alárinà ayé àtijọ́ kì í kàn mú ọkùnrin mọ obìnrin. Òun ló ń wádìí ilé, òun ló ń gbọ́rọ̀ lọ gbọ́rọ̀ bọ̀, òun náà ló sì ń fọgbọ́n sọ fún ẹni tí wọn ò fẹ́ pé kó gba ibòmíràn lọ. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ẹyọ kan ni áàpù ń bá yín ṣe: ó ń fojú hanjú. Ìyókù kù sí yín lọ́wọ́, bí a sì ṣe ń ṣe é la tò sísàlẹ̀ yìí.

Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀

1. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń wá sórí ìwé, kó má ju gbólóhùn kan lọ. "Mo fẹ́ ẹni tí a máa fẹ́ra láàárín ọdún méjì" yàtọ̀ pátápátá sí "mo fẹ́ ẹni tí a jọ máa jáde." Ẹni tí kò kọ ọ́, ohunkóhun tó bá ṣáà ti wá ni yóò máa gbà.
2. Áàpù méjì ti tó, ó tiẹ̀ ti pọ̀. Èrò pọ̀ lórí Tinder, àmọ́ ohun tí oníkálukú ń wá níbẹ̀ kò bára mu. Lórí Bumble, láàárín ọkùnrin àti obìnrin, obìnrin ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, tàbí kó fi ìbéèrè kan sílẹ̀ kí ọkùnrin dáhùn. Tí wákàtí 24 bá kọjá láìsí ọ̀rọ̀, match yẹn á parẹ́. Hinge ń béèrè fọ́tò àti ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta, ó dáa fún ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ kọ. Àwọn Mùsùlùmí ni Muzz wà fún, ó sì fàyè sílẹ̀ kí walí (ẹbí tó ń ṣojú obìnrin nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó) máa rí ohun tí ẹ ń bá ara yín sọ.
3. Ẹ ṣí ímeèlì tuntun fún un. Ẹ má fi èyí tí báńkì fi ń kàn sí yín forúkọ sílẹ̀.
4. Nínú ètò fóònù yín, ẹ jẹ́ kí áàpù máa mọ ibi tí ẹ wà kìkì ìgbà tí ẹ bá ṣí i.

Fọ́tò àti ọ̀rọ̀ ara prófáìlì

Fọ́tò mẹ́rin sí mẹ́fà. Àkọ́kọ́: ojú yín nìkan, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, láìsí gíláàsì dúdú, láìsí fílítà. Ìkejì: ìdúró yín láti orí dé ẹsẹ̀. Ìkẹta: ohun kan tí ẹ máa ń ṣe lóòótọ́. Àwọn yòókù, bó ṣe wù yín.

Àṣìṣe tí a máa ń rí jù:

- Fọ́tò aṣọ ẹbí. Èèyàn mẹ́wàá nínú léèsì kan náà, ta la fẹ́ mọ̀ nínú wọn?
- Gbígbé ọmọ ẹ̀gbọ́n yín lọ́wọ́. Ẹni tó ń wò ó á ti gbà pé ọmọ yín ni, kò sì ní bi yín kó tó kọjá lọ.
- Nọ́ńbà ọkọ̀, iwájú ilé, káàdì ibi iṣẹ́ tó rọ̀ sọ́rùn.
- Fọ́tò tó ti wà lórí Instagram yín. Ìṣẹ́jú kan péré ni ẹnikẹ́ni fi lè ti ara rẹ̀ mọ orúkọ yín ní kíkún. Ẹ ya tuntun.

Ní ti ọ̀rọ̀, ẹ wo méjì yìí:

"Ẹni jẹ́jẹ́ ni mí, mo bẹ̀rù Ọlọ́run, ẹ béèrè ohun tó bá wù yín."

"Èmi ni mo ń se ọbẹ̀ nílé wa ní gbogbo Sátidé. Ẹni tó bá pe ṣọkọ ní tẹ̀tẹ̀, ìjà dé."

Kò sẹ́ni tó lè rí nǹkan kan fèsì sí nínú ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì fún àlejò ní ibi tó lè gbá mú. Ẹ fi irú ibi bẹ́ẹ̀ méjì sílẹ̀, kí ẹ wá kọ ohun tí ẹ ń wá, láìfi ọ̀rọ̀ bò ó. Ọjọ́ orí àti gíga yín ńkọ́? Ẹ má purọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá pàdé ni àṣírí máa tú, irọ́ yẹn ni wọn yóò sì máa rántí.

Ìka tí kì í sinmi

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìka lórí fóònù láti aago mẹ́sàn-án alẹ́, tó wá gbójú sókè tó rí i pé aago kan òru ti kọjá, kì í ṣe ọ̀lẹ. B. F. Skinner, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, ti fi ẹyẹlé hàn wá tipẹ́. Ẹyẹlé tó ń rí oúnjẹ ní gbogbo ìgbà tó bá ṣá bọ́tìnnì á tètè fi í sílẹ̀ nígbà tí oúnjẹ bá dáwọ́ dúró. Èyí tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìníye, ni oúnjẹ ń jáde fún, á máa ṣá a lọ ṣáá. Bí tẹ́tẹ́ ṣe ń mú èèyàn nìyẹn, bí match tó ń yọ lójijì náà ṣe ń mú yín nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ojú náà ń da orí rú. Ní ọdún 2000, Sheena Iyengar àti Mark Lepper, tí àwọn náà jẹ́ onímọ̀ ìwà ẹ̀dá, kọ nípa jáàmù tí wọ́n tò síwájú àwọn oníbàárà ní ilé ìtajà kan ní California. Nígbà tí oríṣi 24 wà lórí tábìlì, nǹkan bí 3 nínú 100 àwọn tó yà síbẹ̀ ló ra. Nígbà tí wọ́n dín in kù sí 6, nǹkan bí 30 nínú 100 ló ra. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e kò fìgbà gbogbo rí i bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ti fa ìka kọjá ojú 200 nírọ̀lẹ́ kan mọ ohun tí à ń sọ: ẹni kọkànlá kì í tíì burú, ẹni àádọ́jọ ni ojú ti ń rí bí ìdọ̀tí.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́:

1. Ìṣẹ́jú 15, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ gbé áláàmù sí i. Ẹ má mú un wọ orí bẹ́ẹ̀dì.
2. Ẹ pa gbogbo ìró àti ìkìlọ̀ tí áàpù ń fi ránṣẹ́.
3. Èèyàn mẹ́wàá lójúmọ́, kí ẹ sì ka prófáìlì tán kí ẹ tó tẹ nǹkan kan.
4. Ẹ má bá ju ẹni mẹ́ta lọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹnì kẹrin bá wọlé, ẹ dágbére fún ọ̀kan.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbọ́ èyí kí ọkàn yín lè balẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí Gareth Tyson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí Tinder ní 2016, láìkì tí àwọn prófáìlì ọkùnrin fi síta kò mú match kan wá nínú 100, nígbà tí ti obìnrin mú nǹkan bí 10 wá. Èkíní ló ń bí èkejì: ọkùnrin ń fi láìkì sí gbogbo ẹni tó bá rí torí pé ìdáhùn kò wá, ọ̀rọ̀ bo obìnrin mọ́lẹ̀, ó wá ń ṣà á gan-an, ọkùnrin tún fi kún tirẹ̀. Ẹni tí kò dá yín lóhùn lè má tíì rí yín rárá.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, àti ọ̀rọ̀ "ẹ" pẹ̀lú "o"

"Hi" kì í ṣe ọ̀rọ̀. "Báwo ni" náà kò jìnnà sí i. Ẹ mú ohun kan nínú prófáìlì rẹ̀, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí kò ní gbà á lákòókò: "Mo rí fọ́tò yín lórí òkè Olúmọ. Ṣé ẹsẹ̀ lẹ fi gùn ún àbí ẹ gba lífítì?" Tó bá dáhùn, ẹ fi nǹkan díẹ̀ nípa ara yín kún un kí ẹ tó béèrè òmíràn. Ìbéèrè mẹ́rin léra wọn láìsọ tiyín, ó ti di ti ọlọ́pàá.

Àwọn tó ń fi Yorùbá bára wọn sọ̀rọ̀ máa ń kọsẹ̀ níbi kan tí kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi "ẹ" bẹ̀rẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni yín. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó dàgbà jù, tàbí obìnrin, ló máa sọ pé "ẹ lè máa pè mí ní 'o'." Tí ẹ bá ti bọ́ sí "o" tí òun ṣì ń "ẹ" yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀wọ̀ lè wà níbẹ̀, àmọ́ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń fi àyè sílẹ̀ láàárín yín. Ẹ rọra. Ẹni tó sì bẹ̀rẹ̀ "olówó orí mi" tàbí "ìyàwó mi" ní ọjọ́ kejì, ẹ wò ó dáadáa: ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gba oṣù mélòó kan, kí ló ń lé e?

Bí ọjọ́ ṣe yẹ kó lọ:

- Ọjọ́ 1 sí 3: inú áàpù ni kí ẹ wà. Ẹ má tíì fún un ní nọ́ńbà WhatsApp.
- Ọjọ́ 4 tàbí 5: voice note. Ohùn ń sọ ohun tí lẹ́tà ń fi pamọ́.
- Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé: ìpè fídíò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.
- Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé: ìpàdé lójúkojú.

Kí ló dé tí a fi ń kánjú? Joseph Walther, onímọ̀ nípa ìbánisọ̀rọ̀, kọ ọ́ ní 1996 pé àwọn tó bá ń fi lẹ́tà nìkan bára wọn sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà lè wá fẹ́ràn ara wọn ju bí wọn ì bá ṣe ṣe lójúkojú lọ, torí ibi tí ẹ ò rí nínú ẹni náà, ọkàn yín á fi ohun tó wù yín dí i. Ẹni tó bá ṣe ṣáàtì fún oṣù mẹ́ta kó tó pàdé, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ dá ló fẹ́ lọ pàdé. Tó bá jẹ́ pé ọ̀kan wà ní Ìbàdàn, ọ̀kan wà ní Peckham tàbí Houston, ẹ fi ìpè fídíò ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì dá oṣù tí ẹnì kan máa wọ ọkọ̀ òfuurufú. Láìsí oṣù yẹn, ẹ ò tíì ní nǹkan kan.

Ìwádìí

Iṣẹ́ alárinà gan-an rèé. Ibí lọ̀pọ̀ ti ń fò ó.

1. Fọ́tò. Ẹ gé fọ́tò rẹ̀ láti ojú fóònù, ẹ gbé e sínú Google Lens. Tó bá yọ lábẹ́ orúkọ mìíràn, tàbí lójú ìwé ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun, ó parí. Ẹ má bi í kó máa ṣàlàyé.
2. Fídíò. Ẹ ní kó dìde, kó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó gbé ọwọ́ kọjá níwájú ojú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ ojú èèyàn sábà máa ń dàrú ní etí ojú nígbà yẹn. Wọ́n ń dáa sí i lójoojúmọ́ o, torí náà ẹ má gbára lé èyí nìkan.
3. Ohun kékeré. Ẹni tó ní Alausa lòun ti ń ṣiṣẹ́, ẹ bi í ibi tó ti ń wọkọ̀ lọ sílé, àti ohun tó jẹ lọ́sàn-án àná. Ẹ tún un béèrè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bíi pé ẹ ti gbàgbé. Irọ́ ńlá rọrùn láti há sórí. Kéékèèké ló máa ń yí padà.
4. Ẹni tó mọ ẹni. Ilé ìwé rẹ̀, sẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí rẹ̀. Ó ṣòro kí ẹni gidi má ní ẹnì kan tí ẹ jọ mọ̀, tàbí tí ọ̀rẹ́ yín mọ̀.
5. Ṣé ó ti ní ilé? Ẹni tó ń pè ní àkókò iṣẹ́ nìkan, tí kì í gbé fóònù lálẹ́ Sátidé, tí kò lè ṣe fídíò láti yàrá rẹ̀ láé, ẹ bi í tààrà: "Ṣé ẹ ti ṣègbéyàwó rí? Ṣé ẹ ní ọmọ?" Ẹni tó bá ní ìdáhùn kì í fi àwàdà dá a.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu yín: BVN, NIN, OTP, àdírẹ́sì ilé, ọjọ́ ìbí pẹ̀lú ọdún rẹ̀, orúkọ ìdílé ìyá yín. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn dà bí ọ̀rọ̀ mọ̀lẹ́bí lásán, "ará ibo ni ìyá yín? Ilé wo?", bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ báńkì ló ń lò ó láti fi dá yín mọ̀. Ìlú ìyá yín ti tó o.

Owó

Ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ ò tíì fojú kàn.

Ìtàn tí wọ́n ń pa pọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì yàtọ̀: ẹ̀rọ epo lójú òkun, sójà Amẹ́ríkà, ẹrù tí kọ́sítọ́ọ̀mù dá dúró, ìyá tó wà nílé ìwòsàn, gift card, okòwò crypto tí "àǹtí mi" fi là. Nílé níbí, owó ọkọ̀ ló wọ́pọ̀ jù: "Mo ti wọṣọ tán, ẹ fi owó mọ́tò ránṣẹ́," lẹ́yìn náà fóònù kú. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí ẹ yan ibi tó wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì, kí oníkálukú gbé ara rẹ̀ wá.

Ẹ ní èsì yìí lọ́wọ́, kí ẹ kàn máa dà á kọ: "Èmi kì í fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí a ò tíì pàdé. Ẹ má bínú." Ẹni gidi lè bínú díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì kọjá. Oníjìbìtì á parẹ́, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìfẹ́ dá yín lẹ́bi.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í fura sí ni òdìkejì rẹ̀: "Ẹ bá mi gba owó kan sí àkáǹtì yín." Owó olówó ni. Àkáǹtì yín ni wọ́n máa dí pa, orúkọ yín ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ rí.

Ìpàdé àkọ́kọ́

- Ọ̀sán, níbi tí èrò wà. The Palms ní Ring Road, Ìbàdàn, tàbí Ikeja City Mall, dáa. Ilé, hòtẹ́ẹ̀lì àti etí òkun kò dáa.
- Wákàtí kan àbọ̀. Ẹ ti sọ ṣáájú pé ẹ ní ibi tí ẹ ń lọ lẹ́yìn rẹ̀.
- Ẹ gbé ara yín lọ, ẹ gbé ara yín bọ̀.
- Ẹ fi ibi tí ẹ wà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kan lórí WhatsApp; ó lè máa tẹ̀ lé yín fún wákàtí 8.
- Kí ọ̀rẹ́ náà pè lẹ́yìn wákàtí kan: "Ṣé o ti bá mi ra ẹ̀wà?" Tí ìdáhùn bá jẹ́ "kò sí ẹ̀wà lọ́jà," kó máa bọ̀.
- Ohun mímu tí ẹ bá fi sílẹ̀ lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ má padà mu ún.
- Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Ní Èkó, 767 náà wà.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má rò pé obìnrin nìkan la kọ èyí fún. Àwọn adigunjalè ń fi fọ́tò obìnrin tan ọkùnrin dé àdúgbò tí kò mọ̀.

Tó bá dọ̀rọ̀ ta ló máa sanwó, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó jókòó. Ẹni tó yan ibẹ̀ ló yẹ kó san, lójú tiwa. Ẹni tó kó ọ̀rẹ́ mẹ́ta wá láìsọ fún yín, ẹ san tiyín, kí ẹ máa lọ.

Jẹ́nótáìpù

Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ má sì jẹ́ kó kọjá ìpàdé kejì. "AS ni mí. Ẹ̀yin ńkọ́?" ti tó. Tí ẹ bá jẹ́ AS méjèèjì, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá mẹ́rin kan láti jẹ́ SS. Ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní sẹ́kọ́ńdírì lè ní àṣìṣe. Ẹ jọ lọ ṣe tuntun. Ó sàn kí ọkàn bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta ju ọdún kẹta lọ.

Tó bá dákẹ́ lójijì

Ẹ dúró ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́. Tí kò bá sí èsì, ẹ pa ṣáàtì náà rẹ́, kí ó má di ohun tí ẹ ó máa ṣí lóru. Ẹ má wá a lọ sí Instagram.

Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni kò wù, ẹ ṣe bí alárinà: "Ẹ ṣé tí ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò rí i pé a bára mu, mo sì fẹ́ sọ fún yín ju kí n kàn dákẹ́ lọ. Ire o." Ìlà méjì péré ni. Ẹni tó bá fi èébú dáhùn ti fi hàn yín pé ẹ ò ṣìṣe. Ẹ dí i pa.

Tí ilé bá fẹ́ mọ̀

Ẹ má hun irọ́ "ilé ìnáwó la ti pàdé." Àbúrò ìyá yín á béèrè ìnáwó ta ni, ibẹ̀ ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ pé: "Orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ti mọra. Oṣù mẹ́jọ rèé. Mo ti mọ ilé rẹ̀, mo mọ ibi iṣẹ́ rẹ̀." Ohun tó ń ba àgbà lẹ́rù ni pé kò sẹ́ni tó wádìí. Tí ẹ bá lè dárúkọ ìlú, ilé àti ẹnì kan tó lè jẹ́rìí, ohùn wọn á rọ̀. Fún àbúrò bàbá tó bá ní irú rẹ̀ kì í dúró: ìwádìí Michael Rosenfeld àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2019, sọ pé nǹkan bí 39 nínú 100 tọkùnrin-tobìnrin tó bẹ̀rẹ̀ ìfẹ́ ní 2017 ló pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Tí ẹ bá rí ẹlẹgbẹ́ yín níbi iṣẹ́ lórí áàpù ńkọ́? Òun náà rí yín. Ẹ fà á kọjá, ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ sínú gúrúùpù.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀

1. Owó ti lọ: ẹ pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó pe ọ̀rẹ́. Wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù.
2. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ṣáàtì, nọ́ńbà àti àkáǹtì kí ẹ tó dí i pa.
3. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ EFCC tàbí ọlọ́pàá; ní Amẹ́ríkà, ic3.gov.
4. Tó bá ń fi fọ́tò ìhòòhò halẹ̀ mọ́ yín, ẹ má sanwó. Ẹni tó bá san lẹ́ẹ̀kan ló ń pè padà. Ẹ lọ sí StopNCII.org: fọ́tò náà kò ní kúrò lórí fóònù yín, nọ́ńbà àmì rẹ̀ nìkan ló ń lọ sọ́dọ̀ àwọn bíi Facebook àti Instagram kí wọ́n lè dí i. Ẹni tó ti pé ọdún 18 ló wà fún.
5. Ẹ sọ fún ẹnì kan nílé. Ìtìjú ni irinṣẹ́ oníjìbìtì.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ sinmi

Tí ẹ bá ń ṣí i láìmọ̀ pé ẹ ṣí i, tí ojú gbogbo èèyàn ti jọra, tí ẹ bá ń bínú sí ẹni tí ẹ ò tíì bá sọ̀rọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù kan. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ lọ sí ìpàdé sẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ́ akọrin, òde tí ẹ máa ń yẹra fún. Ẹ sì pe ẹnì kan nínú mọ̀lẹ́bí tí kì í tú àṣírí, kí ẹ sọ fún un láìfi àwàdà bò ó: "Mò ń wá ẹni. Ẹ bá mi wò ó." Ọ̀pọ̀ ló ń dúró de kí ẹ sọ ọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń kúrò, yíyọ áàpù kúrò lójú fóònù kò tó. Prófáìlì yín á ṣì máa hàn. Ẹ kọ́kọ́ wọ inú ètò rẹ̀, ẹ dá owó oṣooṣù dúró tí ẹ bá ń san án, ẹ pa àkáǹtì náà rẹ́, kí ẹ tó wá yọ áàpù. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti rí ẹni ni, ẹ jọ jókòó, kí oníkálukú pa tirẹ̀ rẹ́ lójú èkejì.